Bí a ṣe ń kọ "bachelor's degree" kó gún régé nínú Gẹ̀ẹ́sì

Àbúrò mi kan fi CV rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun wò ó kí òun tó fi wá iṣẹ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ojú mi bá pàdé nìyí:

"I am an holder of Bachelors Degree of Science in Chemistry."

Ọmọ náà mọ kẹ́mísírì dáadáa, èsì ìdánwò rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe márùn-ún ló kó sínú gbólóhùn tí kò ju ọ̀rọ̀ mọ́kànlá lọ, mẹ́rin nínú wọn sì wà lára orúkọ oyè tó fi ọdún mẹ́rin wá. N kò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà kọ "Bachelors of Science" sórí CV tèmi fún ọdún mélòó kan, mo fi ránṣẹ́ káàkiri, kò sì sẹ́ni tó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ń ṣa lẹ́tà ìwáṣẹ́ kì í ránṣẹ́ padà pé o gbàgbé àmì kan. Á kàn sún tìrẹ sísàlẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò le bí a bá ti mọ ohun tó ń sọ gan-an, torí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u ká tó máa tò ó.

Ta ni "bachelor" yìí?

Àpọ́n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Faransé, "bacheler" ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́ jagunjagun tó ṣì ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ lójú ogun. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹtàlá, wọ́n ti ń lo irú ọ̀rọ̀ kan náà lédè Látìnì ní Yunifásítì Paris fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gun ipele àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì di ọ̀gá, ìyẹn "master". Ọmọṣẹ́ tó ń gòkè bọ̀ ni bachelor. Ọ̀gá ni master. Olùkọ́ ni doctor, nítorí pé "docere" ni wọ́n ń pe kíkọ́ni ní Látìnì. Ènìyàn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tọ́ka sí kó tó di pé a ń lò wọ́n fún ìwé-ẹ̀rí.

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́: ènìyàn ni bachelor, degree sì ni ohun tí ènìyàn náà ní. "Bachelor's degree" ni oyè tí bachelor ní, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ pé ilé bàbá tàbí ìwé ọmọ.

Ó ń yọ wá lẹ́nu nítorí èdè tiwa. Bí a bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan ló ni nǹkan, a máa ń gbé ohun náà síwájú, a gbé olóhun sẹ́yìn, ó tán. "Ìwé Adé." A kò fi lẹ́tà kankan kún un. Gẹ̀ẹ́sì yí i po: olóhun ló ń lọ síwájú, wọ́n á wá so àmì kékeré kan àti "s" mọ́ ọn nídìí: "Ade's book". Ẹni tó ń fi Yorùbá ronú máa ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì kàn jókòó ti ara wọn, ni "bachelor degree" fi ń já bọ́ láti ọwọ́ wa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá ti ka ìwé Yorùbá àtijọ́ mọ àmì yẹn sí àmì ìpajẹ, bíi "l'ọ́jà" tàbí "s'ílé", níbi tí wọ́n ti gbé fáwẹ́lì kan mì. Gẹ̀ẹ́sì náà ń lò ó báyẹn nínú "don't". Nínú "bachelor's degree", a kò gbé ohunkóhun mì. Olóhun là ń fi hàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: fi àmì náà síbi tó yẹ

Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín "r" àti "s": bachelor's. Bí o bá kọ "bachelors degree", bí ìgbà tí o kọ "àwọn bachelor degree" ni. Bí o bá gbé àmì náà kọjá "s", tí o kọ "bachelors' degree", o ti sọ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pín oyè kan ṣoṣo.

Bí oyè bá pọ̀ ńkọ́? "Degree" ni kí o fi "s" sí, kí o má fọwọ́ kan bachelor: "two bachelor's degrees". Kódà bí ènìyàn mẹ́wàá bá gba oyè, "Ten students received their bachelor's degrees" ni. Irú oyè tí wọ́n gbà ni "bachelor's" ń sọ, kì í sọ iye wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "master's degree" ṣe rí ní gbogbo ọ̀nà.

Àwọn yunifásítì kan ní Yúróòpù tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè wọn máa ń kọ "Bachelor degree" sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Bí o bá rí i níbẹ̀, má fara wé e.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí kíbọọ̀dù: ẹni tó máa ń tẹ Yorùbá lórí fóònù lè ṣèèṣì fi àmì ohùn ṣe é, tàbí kó lo àmì tó dà sápá òsì lókè kíbọọ̀dù kọ̀ǹpútà. Ó lè jọ ọ́ lójú rẹ, ṣùgbọ́n lẹ́tà mìíràn ni kọ̀ǹpútà kà á sí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì Enter lórí ọ̀pọ̀ kíbọọ̀dù ni kí o tẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: wò ó bóyá "of" wà níbẹ̀

Ibí ni àwọn tó ti mọ ìgbésẹ̀ kìíní dáadáa ti ń ṣubú. Wọ́n ti kọ́ pé "bachelor" ń fẹ́ 's, wọ́n wá ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo bachelor tí wọ́n bá rí, títí kan "Bachelor's of Science". Rárá o.

"Bachelor of Science" ni orúkọ oyè náà lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Ẹni tó jẹ́ bachelor nínú sáyẹ́ǹsì ló ń wí. Kò sí ohun tí bachelor yẹn ní nínú gbólóhùn náà, nítorí náà kò sí ìdí fún 's. Kíkọ "Bachelor's of" dà bíi kí ènìyàn dé fìlà méjì lé orí kan.

Mo máa ń dán an wò báyìí. Mo wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé bachelor. Bí "of" bá ni, mo yọ 's kúrò. Bí "degree" bá ni, mo fi 's síbẹ̀. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, bíi "She has a bachelor's in history", mo bi ara mi bóyá "degree" ló fara pamọ́ síbẹ̀. Òun ni, nítorí náà 's dúró. Èyí dára lẹ́nu àti nínú ìmeèlì, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, mo fẹ́ràn kí "degree" fara hàn.

Wàyí o, ohun tí àbúrò mi kọ, "Bachelors Degree of Science", àdàlù méjèèjì ni. Ó mú ìdajì orúkọ gbogbogbò, ó mú ìdajì orúkọ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, ó rán wọn pọ̀. Mú ọ̀kan: "a bachelor's degree in chemistry" tàbí "a Bachelor of Science in Chemistry". Kò sí ẹ̀kẹta.

Ìgbésẹ̀ kẹta: lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré

Lẹ́tà kékeré ni "bachelor's degree" ń fẹ́ láàárín gbólóhùn, bó ti wù kó o làágùn tó kó o tó gbà á. Kì í ṣe orúkọ àbísọ. Fún "Bachelor of Science", ẹnu kò kò. Ìlànà AP tí àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé ní kí a fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Ìlànà Chicago, tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ń lò, ní kí a fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ láàárín gbólóhùn. Bí olùkọ́ rẹ tàbí ilé-iṣẹ́ rẹ bá ti sọ èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lé, tẹ̀ lé e. Bí wọn kò bá sọ, lo lẹ́tà ńlá, má sì yí i padà ní ojú ewé kejì.

Orúkọ ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé "degree in" ń fẹ́ lẹ́tà kékeré: chemistry, economics, law. Àfi tí orúkọ náà bá jẹ́ èdè, bíi English, French tàbí Yoruba.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: "a" tàbí "an"? Etí ni kó o lò

A kò ní irú "a" àti "an" yìí lédè wa, nítorí náà a máa ń gbàgbé rẹ̀ pátápátá. "I have bachelor's degree" dún bíi "mo ní dìgírì", kò sì sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó létí wa. Létí ẹni tó ni Gẹ̀ẹ́sì, àlàfo ńlá wà níbẹ̀. Kọ ọ́: "I have a bachelor's degree."

Èwo nínú méjèèjì wá ni? Ìró àkọ́kọ́ tí ẹnu pè ló ń sọ ọ́, kì í ṣe lẹ́tà tí ojú rí. Pe "BSc" sókè. Kọ́ńsónáǹtì ni ẹnu rẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà "a BSc", "a BA". Pe "MSc". Fáwẹ́lì ló kọ́kọ́ jáde, bíi "ẹ́m", nítorí náà "an MSc", "an MA", "an MBA". "LLB" náà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró "ẹ́l", ó di "an LLB". "PhD" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "pí", ó di "a PhD".

"University" fi "u" bẹ̀rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ìró "yu" ló ní lẹ́nu: "a university degree". "Undergraduate" fi "u" gidi bẹ̀rẹ̀: "an undergraduate degree". "Honours" gbé "h" rẹ̀ mì: "an honours degree". "Holder" kò gbé tirẹ̀ mì: "a holder". Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé "h" máa ń já bọ́ lẹ́nu wa, tàbí kó yọjú níbi tí a kò ti pè é, ẹ ti mọ ibi tí "an holder" ti wá. Bí a ṣe ń pè é nílé ni àbúrò mi ṣe kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀rọ̀ tó ń tì í lẹ́yìn

"In" ló ń gbé ẹ̀kọ́, "from" ló ń gbé ilé-ẹ̀kọ́. "A bachelor's degree in economics from" kí orúkọ yunifásítì wá tẹ̀ lé e. "Degree on economics" kò sí.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a lọ ni "have", "hold", "earn", "receive", "complete" àti "be awarded". "Hold" lágbára ju "I am a holder of" lọ, ó sì kúrú jù ú lọ. "Bag" tí àwọn oníwèé ìròyìn wa fẹ́ràn, pé lágbájá "bagged a degree", ẹ jẹ́ kó dúró sínú ìwé ìròyìn. Nínú CV, ẹrín ló ń pa ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Àwọn méjì kan wà tó ti inú Yorùbá jáde tààrà. Èkíní ni "I finished from the university in 2019". "Mo parí ní yunifásítì" ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní "I graduated from". Má sì ju "from" yẹn nù: ẹ ó gbọ́ "I graduated college" lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì kà á sí àìbìkítà. Èkejì ni "I am a graduate of Chemistry". Ilé-ẹ̀kọ́ ni "graduate of" ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá fẹ́ sọ ẹ̀kọ́ tó o kọ́, "I am a chemistry graduate" ni.

Bí o kò bá tíì parí

Ọ̀rọ̀ yìí nílò àkíyèsí, nítorí ó lè mú kí wọ́n fura sí ọ. Bí o bá kọ "I hold a bachelor's degree" nígbà tó kù fún ọ ní sáà kan, irọ́ ni, bí ọjọ́ bá sì pé tí wọ́n bi ọ́ léèrè ìwé-ẹ̀rí, kò ní sí ẹni tó máa gbọ́ àlàyé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń kọ ni "BSc in view". Àwa lóye rẹ̀ láàárín ara wa. Ẹlòmíràn tó bá kà á lè máa wò ó pé kí ló wà níwájú ojú ta. Kọ ọ́ báyìí dípò: "BSc in Chemistry, expected June 2026." Nínú gbólóhùn, "I am studying for a bachelor's degree in chemistry" tàbí "I am working towards" dára.

Undergraduate ni ọ́ ní àsìkò yẹn. Ṣọ́ra fún "graduate student": ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti ní oyè àkọ́kọ́ tó ń kà fún master's tàbí PhD ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "postgraduate" ni wọ́n sábà máa ń pe ẹni náà.

Ìkékúrú orúkọ oyè

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BSc àti MSc. Ní Amẹ́ríkà, BS àti MS. Bí o bá fẹ́ fi àmì ìdánudúró sí i, B.Sc., kò burú, ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn rí bákan náà jálẹ̀ ìwé rẹ. Ohun tó burú ni "Bsc", "B.sc" àti "BSC". "S" ni lẹ́tà àkọ́kọ́ Science, ó ń fẹ́ lẹ́tà ńlá, "c" kàn ń tẹ̀ lé e ni. "PhD" náà ní tirẹ̀: P ńlá, h kékeré, D ńlá.

Má bẹ̀rù bí o bá rí "AB" níbi tó o ti ń retí "BA". Látìnì ló ṣe bẹ́ẹ̀, "Artium Baccalaureus", Harvard ṣì ń lò ó títí dòní. L méjì inú LLB náà, Látìnì ni: "Legum" ni òfin ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì ń tẹ lẹ́tà ní ìlọ́po méjì láti fi ọ̀pọ̀ hàn. Ìdí nìyẹn tí "L.L.B." pẹ̀lú àmì láàárín L méjèèjì kò fi tọ̀nà. "LL.B." ni, tàbí LLB lásán.

Àwọn ẹbí rẹ̀

"Master's degree", "Master of Arts": òfin kan náà. "Associate degree" tí wọ́n ń gbà ní Amẹ́ríkà kì í sábà gba 's. "Doctorate" fúnra rẹ̀ ti jẹ́ oyè, nítorí náà "a doctorate" tó. Bí o bá fẹ́ "degree" dandan, "a doctoral degree" ni, kì í ṣe "doctorate degree". Ẹni tó bá sì kọ "Dr" síwájú orúkọ kò tún gbọdọ̀ kọ "PhD" sẹ́yìn orúkọ kan náà.

Ní ti ipò tó o fi jáde: "a first-class degree", pẹ̀lú àmì tó so first àti class pọ̀. "Second class upper" tí a máa ń pè ní kúkúrú yẹn, "second-class honours, upper division" ni lórí ìwé. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ń kọ ọ́ ní 2:1, wọ́n sì ń pè é ní "two-one". Má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ará Amẹ́ríkà, GPA ni wọ́n mọ̀.

Kó o tó fi ránṣẹ́

Gbé ìwé-ẹ̀rí rẹ síwájú, kí o sì kọ orúkọ oyè bó ṣe wà lórí rẹ̀. Má fi ẹ̀kọ́ tó o kọ́ méfò orúkọ oyè. Ní Cambridge, ẹni tó kọ́ sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́ta BA ló ń gbà, kì í ṣe BSc. Ní àwọn yunifásítì àtijọ́ ilẹ̀ Scotland bíi Edinburgh àti St Andrews, MA ni oyè àkọ́kọ́ fún àwọn tó ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà àti àṣà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún orúkọ oyè rẹ̀ ṣe kó lè bá ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, kò ní bá ìwé-ẹ̀rí mu mọ́.

Lẹ́yìn náà, ṣí ìwé rẹ lórí kọ̀ǹpútà, tẹ Ctrl àti F, wá "bachelor", kí o wo ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e ní ibi gbogbo tó bá ti yọ. Wá "master" bákan náà. Ìṣẹ́jú méjì kò ní tán lórí rẹ̀.

Èmi àti àbúrò mi ṣe é pọ̀ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó yọ "an holder of", ó fi "hold" sí i. Ó fi "a" kún un. Ó fi àmì sáàárín r àti s. Ó pa "of Science" rẹ́. Ó sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, ó ṣàròyé díẹ̀ lórí ti chemistry, ó gbà. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá di méje:

"I hold a bachelor's degree in chemistry."